Bàbá Tó Pín Lẹ́tà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. Ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún mi. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn lẹ́nu ẹlòmíràn, pàápàá lẹ́nu àwọn ẹbí wa tí wọ́n ń gbé òkè òkun, ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ náà. Èmi Wàídì, orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa l'Ẹnu Ọ̀wá ni mo jókòó sí, mo sì fi ẹ̀yìn ti ògiri, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ríran dáadáa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun.

Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Yorùbá, mo lè kọ ọ́ bó ṣe wù mí. Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kíra. Àpò àti okùn ni mò ń tà ní Èbúté Èrò, ó ti lé lógún ọdún, kò sì tíì sí ọ̀mọ̀wé kan tó bá mi ka àpò tó rí mi rẹ́ jẹ.

Bàbá tí mò ń sọ ni bàbá tó bí bàbá mi, Alàájì Ráájí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Lẹ́tà. Ọjọ́ Àlàmísì kan ló kú, kí wọ́n tó pe ìrun Ásàrì, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Kí Ọlọ́run fi Alijanna kẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ẹnì kan nínú ilé wa tú àṣírí rẹ̀ fún ẹni tó ń bá a du ipò nídìí eré. Bàbá mọ ẹni náà. Èmi náà rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá Tinúbú ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Èyí nìkan ni mi ò bá wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀: ó dúdú kanrin, ọṣẹ ò ràn án títí ó fi wọlẹ̀. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà, ìkọ̀ọ̀kan kò ju èékánná ọmọdé lọ, wọ́n wà nínú àpótí pẹrẹsẹ tó ní ojúlé-ojúlé. Bàbá ló ń ṣà wọ́n, tí ń tò wọ́n sẹ́yìn-sẹ́yìn kí wọ́n lè hàn dáadáa lórí ìwé. Káàdì ìgbéyàwó, káàdì ìsọmọlórúkọ, ìwé ìkéde òkú, ọwọ́ rẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń jáde.

Àmọ́ òjé kì í tó. Wọ́n á ṣiṣẹ́ dé ìdajì, K á tán pátápátá. Oníkáàdì ti jókòó, ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí pé ẹ padà wá lọ́la. Bàbá ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní K nínú, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ní sọnù. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Kò tò ó bíi dikiṣọ́nárì. Gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí K wà nínú wọn, ìbáà jẹ́ níwájú, ìbáà jẹ́ láàárín, ìbáà jẹ́ ní ìdí, ojú kan ló kó wọn sí. W ní tirẹ̀. V ní tirẹ̀. Ó sì máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà iṣẹ́ ta ni ó ti bá a pàdé. Ní ẹ̀gbẹ́ "kindly", ó kọ ọ́ pé: ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Oníṣọ̀nà, K tán, a fi "please" dípò, inú wọn dùn.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò to ìwé náà láti A dé Z bí gbogbo ayé ṣe ń tò ó. Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ jà lólè.

Ó ní, "Wàídì, ẹnu ọ̀nà kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ilé. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀."

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé tí ilé ìtẹ̀wé sọ pé kí ó máa lọ sinmi, ìwé náà rí iṣẹ́ mìíràn. Sikirábù ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pátákó ni, ẹ ó ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ ó mú lẹ́tà méje, ẹ ó fi wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà tó bá ṣòro láti lò ló ń mú àmì púpọ̀ wá. Látijọ́, Bàbá ń wo ìwé rẹ̀ kí ó lè sá fún K. Nísinsìnyí, ó ń wò ó kí ó lè lé e mú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, wọ́n á tẹ́ pátákó sílẹ̀ níwájú agboolé wa, èrò á sì yí wọn ká.

Ẹni tó ń bá a ta jù ni Alàájì Ṣítù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta iyọ̀ àti káún ní Èbúté Èrò, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibi tí mo pàtẹ àpò mi sí gẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bàbá kò sì fọkàn tán an rárá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á da gbogbo lẹ́tà sórí ẹní, á kà wọ́n, ọgọ́rùn-ún gẹ́ẹ́. Á fi àtàǹpàkò pa ojú ìkọ̀ọ̀kan, nítorí òun tó ti fi ọwọ́ ka lẹ́tà òjé láì wò ó mọ̀ pé ẹlòmíràn náà lè fi ọwọ́ kà á nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọjú sí agbádá.

"Alàájì, ẹ ká apá agbádá yẹn sókè."

"Ráájí, ẹ̀yin náà! Ṣé èmi ni mo fẹ́ jí lẹ́tà? Kí ni mo fẹ́ fi sè?"

"Ẹ ká a sókè ná."

"Ẹni tó lọ Mẹ́kà lẹ ń tú lára bí olè."

"Èmi náà lọ Mẹ́kà. Àwọn tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n máa tú yín."

Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, Alàájì á ká apá agbádá, Bàbá á sì tún wo abẹ́ fìlà rẹ̀. Ọjọ́ kan tí ẹnì kan sọ pé èyí ti pọ̀ jù, Bàbá dáhùn pé, "Iyọ̀ ló ń tà. Ó mọ bí nǹkan ṣe ń yọ́ lọ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

Kò sí ibi tí ó ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti Q. Àwọn tó lọ ilé ìwé gíga, bí wọ́n bá mú Q, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á máa wá U kiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Bàbá kò nílò U. Ilé kéú ló ti rí tirẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí Gẹ̀ẹ́sì yá tí kò dá padà pọ̀ níbẹ̀. Ó to "qibla" sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, Alàájì Ṣítù sì fò dìde pé òun ṣálẹ́ǹjì, pé kí wọ́n ṣí dikiṣọ́nárì, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí níbẹ̀ kí Bàbá kó o kúrò.

Bàbá ní, "Ẹ má tíì ṣí i. Alàájì, ibo lẹ kọjú sí nígbà tí ẹ ń kírun lẹ́ẹ̀kan?"

"Kíbílà ni. Ibo ni mo tún fẹ́ kọjú sí?"

"Ẹ wá ń bi mí bóyá ó wà? Ẹ tún ìrun yẹn kí."

Wọ́n ṣí dikiṣọ́nárì. Ó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tún to "hajj". J méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, J kan ṣoṣo ló sì wà nínú àpò. Bàbá fi lẹ́tà òfo, èyí tí a kò kọ nǹkan kan sí, dípò èkejì. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹni tó bá máa lọ Hájì, kó mú nǹkan kan dání tí kò tíì lórúkọ."

Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú fóònù wá ni inú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà, Rísìkátù, tíṣà ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ni Bàbá fẹ́ràn jù nínú àwọn tó mọ̀wé, mo ní nínú àwọn tó mọ̀wé. Ó jókòó ti Bàbá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ kàn fọwọ́ tẹ lẹ́tà tí ẹ ní sínú èyí ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní K àti Z nínú á jáde, ẹ ò nílò ìwé yẹn mọ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ń tú jáde bí eèrà.

Bàbá wò ó títí. Ó ní, "Bi í pé ìgbéyàwó ta ni mo ti bá 'kindly' pàdé."

"Háà, Bàbá. Kò lè mọ ìyẹn."

"Ẹ fún un ní omi mu. Ó rẹ̀ ẹ́, kò tíì dé Ìsàlẹ̀ Èkó."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé níbi tí wọ́n ti ń ta sikirábù lágbègbè mìíràn, ọ̀rọ̀ Bàbá ni wọ́n ń tò. Ẹnì kan ti ya àwòrán ìwé náà. Ta ni? Èmi ń wo ojú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, mo fura sí i. Ẹni tí kò bá kí mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Bàbá kò pariwo. Òwúrọ̀ Sátidé kan, ó tú òwú tó fi rán ìwé náà, ó pín in sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lẹ́tà kan sí ìdì kan, ó tún ìdì kọ̀ọ̀kan rán. Ó pe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú àwa ọmọ-ọmọ àti ọmọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń wọlé tọ̀ ọ́. Ó fún olúkúlùkù ní lẹ́tà kan, ó sì mú un búra pé kò ní fi han ẹnikẹ́ni, kò sì ní sọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í ṣe pé mò ń yọjú, atẹ́gùn ni mò ń gbà. Mo rí i tí Rísìkátù gba Z.

Nígbà tó kàn mí, ó gbé Q lé mi lọ́wọ́. Q! Àwọn tó lọ yunifásítì gba A, wọ́n gba E, èyí tí ẹ lè ṣà nílẹ̀ ọjà. Èmi tí mo kúrò ní ìwé kẹrin ni wọ́n fún ní wúrà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ èmi.

Ó ní, "Ẹni tí kò lè kà á kò ní lè tà á."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Èmi mọ ohun tí Bàbá ń sọ. Ó ń sọ pé èmi kì í dalẹ̀. Mo fi Q sínú agolo, mo fi agolo sábẹ́ ibùsùn, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Jímọ̀ kan, eré ti fẹ́ parí, Bàbá ló wà níwájú, Alàájì Ṣítù sì ń fa irùngbọ̀n. Lójijì ló to lẹ́tà márùn-ún sílẹ̀: "qozan". Àmì rẹ̀ pọ̀, ó fò kọjá Bàbá. Gbogbo èrò ń pariwo, "Bàbá, ẹ ṣálẹ́ǹjì! Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Dikiṣọ́nárì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Mo rí ojú rẹ̀ tó yí ká gbogbo wa tí a dúró, ó yí ká lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí dikiṣọ́nárì.

Ó ní, "Ó dára. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un."

Báyìí ni wọ́n ṣe na Bàbá. Bàbá tó ń tú fìlà Alàájì wò! Èmi ni mo bu omi àlùwàlá fún un nígbà tí Ásàrì tó. Mo ní, "Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn wà lóòótọ́?"

"Kò sí láyé. Èmi ni mo dá a."

Ó wá ṣàlàyé pé nígbà tí òun ń pín lẹ́tà, òun fi ọ̀rọ̀ irọ́ kan sínú ìkọ̀ọ̀kan, kò sí méjì tó jọra, kí òun lè mọ ẹni tó bá jo. Bó bá ṣálẹ́ǹjì, ìdí ọ̀rọ̀ á tú níwájú gbogbo àdúgbò, orúkọ ọmọ rẹ̀ kan á sì bàjẹ́. Ó yàn kí wọ́n na òun. Mo bi í pé, "Ta ni, Bàbá?" Ó ń wò mí títí omi inú kẹ́tù fi tán.

"Ẹni tó ń pariwo kì í ṣe olè. Má wá a, Wàídì."

Ṣé mo lè ṣe kí n má wá a? Mo rò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn ní Z nínú, Z sì wà lọ́wọ́ Rísìkátù, mo fojú mi rí i. Òótọ́ ni pé Q náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Q wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ ara mi. Rísìkátù ló ní fóònù. Rísìkátù ló sọ pé ìwé náà kò wúlò mọ́. Kí ló kù? Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wá kí Bàbá, mo pàdé rẹ̀ lágbàlá, níwájú gbogbo ilé.

"Rísì, èló ni Alàájì Ṣítù fún ẹ?"

"Fún kí ni, Bọ̀dá Wàídì?"

"Fún Z tí Bàbá gbé lé ẹ lọ́wọ́. Má fojú ọmọ jẹ́jẹ́ wò mí. Ọ̀dàlẹ̀!"

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ti ka tiyín wò?"

"Kí ni mo fẹ́ kà? Mo fi pamọ́ ni, bí Bàbá ṣe ní ká ṣe."

"Ẹ lọ gbé e wá, ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Èmi náà á gbé tèmi wá."

"Kí o lè tún ta Q mọ́ ọn? Mo ti gbọ́n jùyẹn lọ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò ní tẹ ilé yẹn mọ́ títí màá fi wá bẹ òun. Bàbá gbọ́, ó pè é láti inú yàrá, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Láti ọjọ́ yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bàbá ń sọ fún mi pé, "Lọ bẹ̀ ẹ́." Mo ní kí èmi àgbà lọ bẹ ọ̀dàlẹ̀? Ó ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, Rísìkátù ní òun ń retí Bọ̀dá Wàídì. Nígbà tí àìsàn dé tí Bàbá kò lè jókòó mọ́, ó tún bi mí pé ṣé Rísì ò tíì wá. Mo ní, "Bàbá, ojú ló ń tì í."

Ó pa ojú dé. Ó ní, "Ó yẹ kó ti ẹnì kan lóòótọ́."

Mo gbà pé mo ti borí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Bàbá kú, lẹ́yìn tí àwọn alùfáà parí àdúrà, àbúrò bàbá mi àgbà ní kí olúkúlùkù gbé lẹ́tà rẹ̀ jáde ká lè rán ìwé Bàbá padà. Rísìkátù wà níbẹ̀, ó jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, kò wo ibi tí mo wà. Òun ni wọ́n ní kó máa kà á, nítorí òun ni tíṣà. Ó ka Z rẹ̀ fún gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ irọ́ tó wà nínú ẹ̀ ni "zimbor", Bàbá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: irọ́ ni, ti Rísì. Èmi ń retí "qozan". Kò sí níbẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo gbé Q fún un. Ó ka "qibla", ó ka "faqir", ó ka "talaq". Ó wá ka "qozan". Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: irọ́ ni, ti Wàídì.

Mo ní ẹnì kan ló wá kó irọ́ bò mí. Mo ní wọ́n ti pààrọ̀ ìwé. Alàájì Ṣítù tó wá bá wa ṣàdúrà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Wàídì, ṣé ìwọ kọ́ lò ń ké e níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́sí? Múfú akọ̀wé mi ń kà á fún ẹ, ìwọ ń gbè é. Ẹ̀yìn àpò iyọ̀ ni mo wà. Mo rò pé dikiṣọ́nárì lò ń kọ́. 'Qozan' yẹn nìkan ló dúró sí mi lórí."

Mo ti kọ ọ́ lókè pé ẹnikẹ́ni ò rí Q. Ẹnì kan rí i. Múfú ni, akọ̀wé Alàájì. Mo fẹ́ mọ Q sórí kí n lè kà á fún Bàbá lọ́jọ́ kan, kí ó mọ̀ pé ọwọ́ tó gbé e lé kò ṣòfò. Mi ò lè kà á. Ní ilé kéú tí mo lọ ní kékeré, ẹni tí kò lè ka wàláà, wọ́n á kà á fún un, òun náà á máa ké e tẹ̀ lé wọn títí á fi mọ́ ọn lórí. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, ní ọ̀sán gangan, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú gbogbo ohùn mi. Mo sì ti mọ̀ ọ́n sórí ní ìgbà kan o. Nígbà tí wọ́n to "qozan" sílẹ̀ níwájú mi, Z ni ojú mi ń wò, etí mi kò sọ nǹkan kan fún mi.

Rísìkátù pa ìdì náà dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà. Ó ní, "Bọ̀dá Wàídì, ẹ gba lẹ́tà yín." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú gbogbo alùfáà. Ó ní kí n dìde. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí.

Ohun tó sọnù nìyí. Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá pín, mẹ́tàdínlógún ló padà wá. Mẹ́sàn-án kò sí mọ́: B, D, F, H, L, M, P, V, W. Àgbàrá gbé méjì lọ, wọ́n fi ọ̀kan gé àwòṣe aṣọ, mẹ́fà yòókù, àwọn tó gbà wọ́n ní àwọn ò rántí. Orúkọ gbogbo àwọn tí Bàbá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ inú wọn bá wọn lọ, a kò mọ iye wọn. Oṣù mẹ́rin ni Rísìkátù kò fi rí Bàbá. Jímọ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Bàbá kan.